Bí ìjọba bá yọ owó ibodè kúrò lórí oúnjẹ òkèèrè, ṣé owó àgbẹ̀ máa ń dínkù?

Ó máa ń dínkù fún àgbẹ̀ tó ń ta irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ó bá ti ra ajílẹ̀ lọ́wọ̀n-ín kí iye ọjà tó wálẹ̀. Ní oṣù keje 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde 150 ọjọ́ láìgba owó ibodè lórí àgbàdo, ìrẹsì, àlìkámà àti ẹ̀wà. Torí kó lè jẹ́ ìtura fún ẹni tó ń ra oúnjẹ jẹ ni.

Ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, inú òjò ni wọ́n ti ń kórè àgbàdo àkọ́kọ́. Bí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á bu nínú àpò; ẹni tí kò rí i sá kò lè dúró de owó tó dáa. Ọlọ́sìn adìyẹ n'Ílọrin máa ń jèrè ní tiẹ̀ bí iye àgbàdo bá wálẹ̀, torí àgbàdo ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ adìyẹ. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sí nínú ìkéde náà.