Ṣé òfin Nàìjíríà gbà kí a máa ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ?

Rárá, òfin kò gbà á: láti ọdún 2015, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tí ń darí ọ̀rọ̀ tábà ní Nàìjíríà, ni ó ti di èèwọ̀ láti tú páálí sìgá kí a sì máa tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí pé páálí tí kò dín ní ẹyọ 20 nìkan ni òfin náà fàyè gbà.

Ewu títà lẹ́yọ ni pé ẹyọ kan kò wọ́n, owó ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé sì ká a, bẹ́ẹ̀ òfin yìí kan náà ló ní a kò gbọdọ̀ ta tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó ra ẹyọ kan ní gáréèjì, tí ó sì fi ìṣáná orí àtẹ tàn án lójú ẹsẹ̀, lè má rí ìkìlọ̀ ara páálí rárá. Ìkìlọ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe àsọdùn: èéfín sìgá ń gbé afẹ́fẹ́ olóró tí a ń pè ní carbon monoxide wọnú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ń gba ipò ọ́síjìn, èéfín náà tún ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, nicotine, èròjà inú tábà tí ń di bárakú síni lára, ni kì í sì í jẹ́ kí ó rọrùn láti jáwọ́.

Ní ti ìmúṣẹ, ó kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé gbangba ni wọ́n ṣì ń tà á lẹ́yọ ní ọ̀pọ̀ ìgboro. Òfin náà kò ka sìgá mímu léèwọ̀ fún àgbàlagbà nínú ilé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kà á léèwọ̀ ní ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn àti nínú ọkọ̀ èrò.