Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Mọ Kí Ni Nínú Ikọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èèyàn márùn-ún ló wà nínú ikọ̀ tí mò ń darí. Mo ní kí kálukú wọn fi máàkì 1 sí 5 sí gbólóhùn kan: "A mọ iṣẹ́ ara wa dáadáa." Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 3.6. Ṣé mo lè sọ pé ẹnu wọn kò?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ikọ̀ méjì: àkọ́kọ́ kọ 4, 4, 4, 3, 3, èkejì kọ 5, 5, 2, 4, 2. Àwọn méjèèjì ló máa fún yín ní 3.6, bẹ́ẹ̀ ikọ̀ kejì ti pín yẹ́leyẹ̀lẹ.

Ìṣirò tó ń tú àṣírí yìí ni rwg, ìwọ̀n bí ẹnu àwọn èèyàn ṣe kò tó (1 ni pé ó kò pátápátá), tí àwọn olùwádìí James, Demaree àti Wolf gbé jáde ní 1984. Ẹ wá variance àwọn máàkì náà, ìyẹn ìwọ̀n bí wọ́n ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó (VAR.S ni ẹ ó tẹ̀ nínú Excel), ẹ fi 2 pín in, kí ẹ yọ èsì rẹ̀ kúrò nínú 1. Ìdí tó fi jẹ́ 2 ni pé òun ni variance tí à bá retí ká ní ńṣe ni àwọn èèyàn kàn ń mú máàkì láìwo ojú ìbéèrè. Bó bá jẹ́ máàkì 1 sí 7 ni ẹ lò, 4 ni ẹ ó fi pín in. Variance ikọ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ 0.3, rwg rẹ̀ sì jẹ́ 0.85. Ti ikọ̀ kejì jẹ́ 2.3, èsì rẹ̀ já sí -0.15, a ó sì kà á sí òdo. 0.70 ni ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń ṣe ààlà, àmọ́ àṣà lásán ni, kì í ṣe òfin. Bí ẹ kò bá dé ibẹ̀, ẹ gbàgbé ìpíndọ́gba, ẹ lọ wádìí ohun tó fa ìyapa.

Gbólóhùn kan ṣoṣo kò sì tó. Ìwé ìbéèrè tí olùwádìí Kyle Lewis gbé jáde ní 2003 ní gbólóhùn 15: márùn-ún lórí bóyá kálukú ní ìmọ̀ tirẹ̀, márùn-ún lórí bóyá wọ́n fọkàn tán ìmọ̀ ara wọn, márùn-ún lórí bóyá iṣẹ́ ń lọ geere láàárín wọn. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: àwọn gbólóhùn kan dorí kodò, ìyẹn ni pé 5 níbẹ̀ kò dára. Bó bá jẹ́ máàkì 1 sí 5 ni ẹ lò, ẹ yọ máàkì wọn kúrò nínú 6 kí ẹ tó ro ó pọ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn mọ ẹni tó mọ nǹkan. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ. Ẹ kọ nǹkan bíi mẹ́jọ sí méjìlá lára ohun tí iṣẹ́ yín ń béèrè. Ẹ má kọ "kọ̀ǹpútà". Ẹ kọ "bí a ṣe ń gba fáìlì tó sọnù padà". Kí kálukú dá jókòó, kó kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó máa bá lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà wọ́n láyè láti kọ "mi ò mọ̀", àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á méfò, ẹ ó sì ka àméfò sí ìmọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹ ó gbà kà á, ẹ má sì pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́, ẹni mélòó ló kọ orúkọ kan náà? Èkejì, ṣé ẹni tí wọ́n kọ lè ṣe é lóòótọ́? Ẹ gbé iṣẹ́ kékeré kan fún un kí ẹ fi rí i. Nígbà mìíràn, ẹni mẹ́rin nínú márùn-ún á kọ orúkọ ẹnì kan, onítọ̀hún fúnra rẹ̀ á sì kọ ti ẹlòmíràn. Ẹnu wọn kò, àmọ́ wọ́n jọ ṣìnà ni. Ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ń sọ̀rọ̀ jù ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Ìbéèrè: Ìmọ̀ wà lórí àwọn èèyàn wa, ṣùgbọ́n kì í jáde nípàdé. Ṣé ìyẹn náà ṣeé wọ̀n?

Ìdáhùn: Ó ṣeé wọ̀n dáadáa. Àwọn olùwádìí Stasser àti Titus fi hàn ní 1985 pé ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìpàdé máa ń tún sọ. Èyí tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ ṣe irú ìdánwò tiwọn: ẹ ní kí ikọ̀ yan ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta. Ẹ kọ àwọn òótọ́ kan sínú ìwé gbogbo wọn, kí ẹ pín àwọn tó kù, ọ̀kan sọ́wọ́ ẹnì kan, débi pé àfi kí wọ́n kó o jọ kí èyí tó dára jù tó hàn. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti kà á, kí ẹ gba ìwé náà padà, torí bó bá wà lọ́wọ́ wọn, kíkà ni wọ́n máa kà á jáde. Kí ẹnì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó máa sàmì sí òótọ́ aládàámọ̀ (èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo) kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, àti iye ìgbà tí ẹlòmíràn tún un mẹ́nu bà. Iye ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ wò: òótọ́ tí ẹnì kan sọ tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn kò yàtọ̀ sí èyí tí kò jáde rárá.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi èsì rẹ̀ pinnu àfikún owó oṣù?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé owó wà níbẹ̀, 5 ni gbogbo wọn máa kọ. Variance á di òdo, rwg á sì jẹ́ 1 géérégé.