Tí ọmọ olóṣèlú bá ní kó o wá bá òun ṣiṣẹ́

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. O ń sin ìjọba lọ́wọ́ ní Gwagwalada, ọmọ sẹ́nétọ̀ kan tẹ́ ẹ jọ jẹ́ àgùnbánirọ̀ ní kó o wá ṣe P.A. òun, ìyẹn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé bàbá òun fẹ́ fa àga lé òun lọ́wọ́ ní 2027. O wá ń béèrè bóyá kó o tẹ̀ lé e ni tàbí kó o gbàgbé òṣèlú, nígbà tí bàbá tìrẹ jẹ́ tísà ní Ìsẹ́yìn, tí wọn ò mọ̀ ọ́n kọjá àdúgbò. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kó o sá. Èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó o mọ̀ kó o tó dá ọmọkùnrin yẹn lóhùn.

Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Kubwa ní Àbújá ni mò ń gbé. Mo ṣe amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ fún aṣòfin kan ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣì wà láyé, èmi náà ṣì ń wá jíjẹ mímu nínú ìlú yìí. Èmi ni mò ń kọ àwọn àbá tí ògá ń kà nílé ìgbìmọ̀. Èmi náà ni mò ń tọ́jú ìwé orúkọ. Àwọn àbá yẹn, kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè wọn mọ́. Ìwé orúkọ ni gbogbo wọn ń wá.

Ìwé ńlá ni, irú èyí táwọn alájọ máa ń gbé kiri. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀: alága ẹgbẹ́, akọ̀wé, adarí àwọn obìnrin, adarí ọ̀dọ́, nọ́ńbà fóònù wọn, orúkọ ìyàwó, ọmọ mélòó. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ti gbà wà: ẹni tí a san owó WAEC ọmọ rẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó gba ọ̀kadà tó sì tà á lọ́jọ́ kejì, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú tí ògá fi màlúù ránṣẹ́ sí. Ohun tí a jẹ wọ́n tí a ò tíì san náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà ìdìbò tó kọjá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n má baà jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀ kan náà. Láàárọ̀, kí ògá tó dé, yàrá ìgbàlejò wa á ti kún fáwọn tó fi gbogbo òru rìnrìn àjò wá, lẹ́tà ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ wọn, ti ilé ìwòsàn, ti owó ilé ìwé. Iṣẹ́ mi ni láti kí wọn, kí n wá oúnjẹ fún wọn, kí n fún wọn lówó mọ́tò, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń rojọ́ ìwé yìí nìyí. Òfin wa ò gbà kí èèyàn dá du ipò láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Abala 65 ìwé òfin 1999 ló sọ ọ́. Nínú ẹgbẹ́, Òfin Ìdìbò 2022 tí wọ́n lò fún ìdìbò 2023 la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdìbò abẹ́lé, èyí tí ẹgbẹ́ fi ń yan ẹni tó máa dúró fún un: kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò, kí àwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn aṣojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, dìbò, tàbí kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹnì kan. Ti dẹ́lígéètì ló wọ́pọ̀ jù lọ́dún náà. Láti wọ́ọ̀dù sì ni wọ́n ti yan dẹ́lígéètì nígbà yẹn, láàárín àwọn tó wà nínú ìwé yẹn gan-an. Kí ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta fọ́ọ̀mù, ẹni tó nìwé lọ́wọ́ ti mọ iye ìbò tó ní. Lẹ́yìn ìyẹn lowó fọ́ọ̀mù téèyàn fi ń du ipò wá dé: ti APC fún ìdìbò 2023, mílíọ̀nù 10 náírà fún Ilé Aṣojú-ṣòfin, 20 fún sẹ́nétọ̀, 50 fún gómìnà, 100 fún ààrẹ. Ti PDP kéré sí i, mílíọ̀nù 2.5 fún Aṣojú-ṣòfin, àmọ́ tísà wo ló ní in? Òfin tí wọ́n ṣe fáwọn ọ̀dọ́ ní 2018 dín ọjọ́ orí ẹni tó lè lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin láti 30 sí 25. Ọdún ni wọ́n dín, wọn ò dín owó.

Nítorí náà, nígbà táwọn èèyàn bá ń sọ pé orúkọ ìdílé ló ń gbé àwọn ọmọ olóṣèlú wọlé, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Kwara ni mí. Orúkọ wo ló tún ju Saraki lọ nílé wa? Olóyè Olusola Saraki ló ṣáájú nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láyé Shagari. Ó gbé Adamu Attah di gómìnà ní 1979. Nígbà tí wọ́n jà, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ ti C.O. Adebayo lẹ́yìn ní 1983, ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ rárá, Attah sì ṣubú. Ó ti Mohammed Lawal lẹ́yìn ní 1999. Nígbà tí wọ́n jà, ó gbé ọmọ rẹ̀ Bukola dìde ní 2003, Lawal náà ṣubú. Ṣó o rí i? Kò sẹ́ni tó jẹ́ Saraki nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé wọlé yẹn. Àwọn èèyàn tó ń jẹun nílé rẹ̀ ní Ìlọrin, tó ń gba aṣọ ọdún, tó sin òkú wọn fún, àwọn ni agbára rẹ̀.

Ní 2011 wá ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Bàbá fẹ́ kí Gbemisola, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ṣe aṣojú-ṣòfin tó sì ti ṣe sẹ́nétọ̀, di gómìnà. Bukola ní rárá, Abdulfatah Ahmed lòun máa fà kalẹ̀. Bàbá gbé ọmọbìnrin lọ sínú ẹgbẹ́ kékeré kan, ACPN, ó ń bá a káàkiri láti ìlú dé ìlú. Orúkọ kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà, bàbá fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ọmọ, wọ́n sì fìdí rẹmi, torí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tí Bukola ti lò nílé ìjọba, ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni ìwé orúkọ ti wà. Ẹni tó ń rò pé ìdílé ni gbogbo rẹ̀, kó ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ìpolongo Ó Tó Gẹ́, tí wọ́n fi dìde sí àwọn Saraki, dé ní 2019. Bukola, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà yẹn, pàdánù àga tirẹ̀ sọ́wọ́ Ibrahim Oloriegbe. Àwọn èèyàn wa jó, èmi náà jó. Ta ló wá di gómìnà? AbdulRahman AbdulRazaq, ọmọ A.G.F. Abdulrazaq, amòfin àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Àríwá. Gbemisola Saraki náà di mínísítà lọ́dún yẹn kan náà, lábẹ́ Buhari. Ní oṣù kìíní 2020, ìjọba tuntun wó Ilé Arúgbó, níbi táwọn arúgbó Ìlọrin ti ń gba oúnjẹ àti owó lọ́dọ̀ àwọn Saraki. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ìjọba pè é. Tèmi ni pé ẹni tó bá mọ òṣèlú Kwara mọ ohun tí ilé yẹn jẹ́: ojú ewé ìwé orúkọ ni, wọ́n sì fà á ya.

Ní ìhà Katsina, ìwọ náà wò ó. Shehu Yar'Adua, ọ̀gágun tó di olóṣèlú, kú sẹ́wọ̀n ní 1997. Àbúrò rẹ̀ Umaru di gómìnà, ó sì di ààrẹ ní 2007. Ṣùgbọ́n ta ló kó àwọn èèyàn Shehu jọ, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ nínú òṣèlú tí wọ́n ń pè ní PDM, lẹ́yìn ikú rẹ̀? Atiku Abubakar ni, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, tó ṣiṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọn ò bí i síbẹ̀, ó wà níbẹ̀ ni. Lónìí Atiku náà ti di orúkọ. Ọmọ rẹ̀ Adamu ti ṣe kọmíṣọ́nà ní Adamawa.

Irú ẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ògá mi ní ọmọ kan tó kàwé ní ìlú òyìnbó, ọmọ dáadáa, kì í fi ẹnu wé ẹni tó jù ú lọ. Ọjọ́ tí wọ́n fi í han àwọn àgbà ẹgbẹ́ nílé, ẹnì kan dìde, ó ní bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Adarí àwọn obìnrin kan dá a lóhùn látẹ̀yìn pé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì kú tó jókòó síwájú wa yìí ńkọ́? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ògá pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò mọ orúkọ obìnrin náà, ó wá ń bi mí ní etí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni ọ̀gbẹ́ni tó ń bójú tó ọ́fíìsì wa nílé, ẹni tó ń gbé màlúù lọ, tó ń gbé tiransífọ́mà lọ, tó ń dúró níbi ìsìnkú títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣiṣẹ́ ẹkùn ìdìbò fún wa ló dáwó ra fọ́ọ̀mù fún un. Àwọn dẹ́lígéètì gba owó ọmọ ògá, wọ́n sì dìbò fún ọ̀gbẹ́ni. Ó wọlé. Àbúrò rẹ̀ ló sì fi sípò tó ti kúrò nílé.

Mi ò sọ pé ètò yìí dáa o. Ojúṣàájú inú rẹ̀ ti kàn mí lára. Àjọ ìjọba kan fẹ́ gba èèyàn, wọ́n fún ọ́fíìsì wa ní slot, ìyẹn àyè iṣẹ́ tí a lè fi èèyàn tiwa sí, èmi ni mo tẹ orúkọ náà, orúkọ tèmi sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ ògá. Nígbà tí lẹ́tà jáde, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba tèmi. Abala 14 ìwé òfin ní kí àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ má gba gbogbo ipò ìjọba. Ó dáa. Ìpínlẹ̀ ni òfin yẹn ń kà, kì í ka ìdílé. Ilé kan ṣoṣo lè jẹ ìpín ìpínlẹ̀ kan tán, kí ìwé sì mọ́ tónítóní.

Òótọ́ ni pé ìbò ìbínú máa ń gbé ojú tuntun wọlé nígbà míì. Níbí ní Àbújá, Philip Aduda tó ti wà nílé aṣòfin àgbà láti 2011 pàdánù fún Ireti Kingibe ní 2023. Ireti ò ní ìwé orúkọ tó tó ti Aduda; ìgbì Labour Party ló gbé e. Síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìyàwó Murtala Muhammed, Kingibe tó ń jẹ́ sì jẹ́ orúkọ ẹni tí Abiola fi ṣe igbákejì nínú ìdìbò ààrẹ 1993. Ìgbì ṣọ̀wọ́n, àbúrò. Má fi gbogbo ayé rẹ dúró dè é.

Nítorí náà, bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè ibi tó máa fi ẹ́ sí. Tó bá jẹ́ Àbújá, láti máa gbé báàgì, láti máa kọ ọ̀rọ̀ sórí Facebook fún un, má lọ. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ilé ni, láàárín àwọn wọ́ọ̀dù, gbà á, kó o sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹkùn ìdìbò wo ni? Tí kì í bá ṣe ìhà Ìsẹ́yìn, ìwé tó o máa tọ́jú yẹn ò ní dìbò fún ẹ láé, ẹlòmíì lò ń bá ṣe oko. Kó o tó dáhùn, lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù tìrẹ nílé, kó o gba káàdì, kó o sì máa lọ sí ìpàdé wọn nígbàkigbà tó o bá lọ kí bàbá rẹ. Tísà tó ti kọ́ ọmọ gbogbo àdúgbò ti ní ojú ewé kan nínú irú ìwé yẹn, kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ipò káńsẹ́lọ̀ ni kó o kọ́kọ́ fojú sí, má wo ti Àbújá.

Ní ti owó oṣù tó ṣèlérí, mọ̀ pé àwa tí aṣòfin tó ti wọlé gbà síṣẹ́ ń gba lẹ́tà lọ́dọ̀ àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ fún ilé ìgbìmọ̀. P.A. ẹni tó ṣì ń du ipò ò ní lẹ́tà kankan, àpò rẹ̀ ni wọ́n á ti máa san án fún ẹ. Gbà á loṣooṣù. Tó bá ní kó o ṣe sùúrù di ẹ̀yìn ìdìbò abẹ́lé, sọ fún un pé onílé rẹ kì í ṣe dẹ́lígéètì.