Bí Hòtẹ́ẹ̀lì Bá Di Ti Ẹlòmíràn: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ ra hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 24 kan lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tó ń lọ wo ẹranko ní Old Oyo National Park máa ń sùn níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀, a sì fẹ́ sọ ọ́ di "National Park Hotel". Ọ̀dà àti pátákó tuntun la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló yẹ ká ṣọ́ra fún? *(Òǹkàwé kan, Òwódé, Ọ̀yọ́)*

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀dà sílẹ̀ ná. Pátákó ló máa ń wu èèyàn láti kọ́kọ́ gbé sókè, òun gan-an ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà pé kí lẹ ń rà lọ́wọ́ òun gan-an. Bó bá jẹ́ ilẹ̀, ilé àti ẹrù inú rẹ̀ nìkan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbèsè rẹ̀ máa wà, àfi èyí tó fi ilé náà dúró fún ní báǹkì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ṣíà, ìyẹn ìpín, nínú kọ́ńpìnnì tó ni hòtẹ́ẹ̀lì lẹ rà, ẹ ti ra gbèsè mọ́ ọn: owó orí tí wọn ò san, owó oṣù tí wọ́n jẹ, ẹjọ́ tó wà ní kóòtù. Òfin kọ́ńpìnnì ti 2020 sọ ọ́ pé yíyí orúkọ padà kò pa ọ̀kankan nínú rẹ̀ rẹ́. Orúkọ lẹ pààrọ̀, ẹ ò pààrọ̀ ẹni tó jẹ gbèsè.

Kí lọ́yà yín lọ wo ìwé ilẹ̀ náà ní Sẹkitéríà Àgodi n'Ìbàdàn, kó sì gba ìwé tó ń fi ipò kọ́ńpìnnì náà hàn jáde ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbèsè tí wọ́n fi ilé dúró fún ti máa hàn. Bí ilẹ̀ bá ní C of O (ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba), àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí nìkan ò tó. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, títà náà ò múlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ má sanwó fún ẹnì kan ṣoṣo. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Bí àwọn yòókù bá sì tà á láìsí olórí ẹbí ńbẹ̀, ẹ ò ra nǹkan kan.

Ní ti orúkọ tí ẹ mú, ẹ tún un rò. "National" wà lára ọ̀rọ̀ tí CAC kì í gbà wọlé láìjẹ́ pé wọ́n fún yín láṣẹ, torí ó ń dún bíi ti ìjọba. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlejò á rò pé ọgbà ẹranko ló ni yín, ẹjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ nínú igbó á sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú orúkọ méjì lọ. Èyí tí wọ́n bá gbà, ọjọ́ 60 ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ fún yín. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì lẹ rà, mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò àwọn oníṣíà gbọ́dọ̀ gbè é lẹ́yìn kí orúkọ tó yí.

Ṣé dandan tilẹ̀ ni kó yí? Kọ́ńpìnnì Transcorp ra hòtẹ́ẹ̀lì Nicon Hilton ní Àbújá ní 2005, "Hilton" ò kúrò lára orúkọ rẹ̀, torí Hilton kọ́ ló nilé, òun ló kàn ń bá onílé darí rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni olówó, ọ̀tọ̀ ni orúkọ. Bó bá jẹ́ pé omi tí kì í yọ àti jẹnẹrétọ̀ tó ń kú lóru ló ba orúkọ yín jẹ́, orúkọ tuntun á bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá sì yí i, ẹ kọ "tí a mọ̀ sí báyìí-báyìí tẹ́lẹ̀" sábẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko, torí orúkọ àtijọ́ ni ọlọ́kadà mọ̀.

Láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹrin, koríko ti gbẹ, ẹranko ń jáde wá sétí omi, àlejò ọgbà ń pọ̀. Ẹ má ti yàrá pa nígbà yẹn. Inú òjò ni kẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ inú ilé, kí ẹ fi ọ̀dà ìta dúró de ìsinmi òjò inú Oṣù Kẹjọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́, ẹ fi káàdì yín fa ₦100 lórí POS tó wà ní kàǹtà, kí ẹ wo orúkọ tó tẹ̀ jáde lórí rìsíìtì. Bó bá jẹ́ ti olówó àná, àkáǹtì rẹ̀ ni gbogbo owó tí àlejò ń fà ń wọ̀. Kí ó dá a padà fún báǹkì rẹ̀, kí ẹ gba tiyín. Síìmù hòtẹ́ẹ̀lì náà, NIN rẹ̀ ló wà lórí i. Kí ó bá yín dé ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ni síìmù náà láti yí i sórúkọ yín kẹ́ ẹ tó san owó tó kù. Ẹ pààrọ̀ àgádágodo gbogbo ilẹ̀kùn 24, torí ẹ ò mọ iye ẹni tó ti gbẹ́ ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́. Bẹ́díṣíìtì mẹ́ta ni fún bẹ́ẹ̀dì kan: ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú omi, ọ̀kan ní sítọ́ọ̀. Ìyẹn jẹ́ 72, àpò ìrọ̀rí méjì-méjì sì jẹ́ 144. Ẹ ra funfun tí a ò kọ orúkọ sí lára.

Ìbéèrè: Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gba àlejò ní kàǹtà hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ọ̀gá tuntun ní ká fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tuntun, ká bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́? *(Tákí, Ògbómọ̀ṣọ́)*

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ṣíà ló rà, agbanisíṣẹ́ yín ò yí padà, ọdún yín ń lọ geere. Bó bá jẹ́ ilé ló rà, Òfin Òṣìṣẹ́ ní wọn ò lè gbé yín lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbà, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Bó bá ní òun ò fẹ́ yín, ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún sókè ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan, ní kíkọ sílẹ̀. Òfin yìí kan yín, kò kan máníjà. Ìwé àdéhùn tirẹ̀ ni kó lọ kà. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ wo àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín bóyá wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀ lóṣooṣù.

Ìbéèrè: Ojúewé hòtẹ́ẹ̀lì tí mo rà lórí Google kún fún èébú. Ṣé kí n ṣí òmíràn? *(Ọ̀yọ́)*

Ìdáhùn: Ẹ má ṣí i. Méjì ní àdírẹ́ẹ̀sì kan á da àlejò rú. Ẹ bèèrè fún ojúewé àtijọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni olówó rẹ̀ ní láti fèsì, bí kò bá fèsì, Google lè gbà yín láyè láti fi ẹ̀rí gbà á. Kí ẹ wá yí orúkọ àti fọ́tò padà, kí ẹ máa fèsì èébú náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Mo san àsansílẹ̀ yàrá 12 fún àlejò ìgbéyàwó ọmọ mi. Olówó tuntun ní òun ò mọ̀ ọ́n. *(Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́)*

Ìdáhùn: Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rìsíìtì. Bí kọ́ńpìnnì yẹn bá ṣì ni hòtẹ́ẹ̀lì, ó di dandan kó fún yín ní yàrá tàbí owó yín, ẹni yòówù kó ra ṣíà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé nìkan ni wọ́n tà, ọwọ́ ẹni tó gba owó lẹ ti máa gbà á, àyàfi bí àdéhùn títà bá ti gbé àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ fún ẹni tuntun. Ẹ ní kí wọ́n fi ojúewé yẹn nínú àdéhùn náà hàn yín lónìí, ẹ má dúró dìgbà tí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la.