Ìjọba fẹ́ bá wa gbin igi: ta ni yóò ni ín bó bá dàgbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹbí wa ní ilẹ̀ ekà márùn-ún lẹ́bàá igbó ọba ní apá Ìsẹ̀-Èkìtì. A ti fi gbin ẹ̀gẹ́ lọ́dọọdún títí ilẹ̀ náà fi ṣá. A gbọ́ pé ìjọba máa ń bá aráàlú dọ́wọ́ pọ̀ gbin igi gẹdú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Adó náà ń gbèrò láti gbin igi sí ojú títì àti ọgbà iléèwé. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Irú igi wo ló yẹ? Ta ni yóò sì ni igi náà bó bá dàgbà?

ÌDÁHÙN: Èyí tí ẹ bi gbẹ̀yìn ni ká mú ṣáájú, torí òun ló máa ń tú irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ká.

Bí ilẹ̀ bá wà nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin dáàbò bò, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ilẹ̀, òun náà ló ni igi. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí tó wà lẹ́yìn ààlà igbó náà, ẹ̀yin lẹ ni igi tí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbìn sí i. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gé e tà, ẹ máa gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn fọ́rẹ́sítì, wọ́n á sì fi hámà wọn sàmì sí gẹdú náà kó tó gun ọkọ̀. Nítorí náà, "lẹ́bàá igbó ọba" tí ẹ wí yẹn kò tí ì tó. Ẹ mú sọ́fẹ́yọ̀ lọ síbẹ̀ kó fi ojú ààlà hàn yín lórí ìwé, kí ẹ wá gbin pọ̀rẹ̀gún tàbí akòko lé e. Ẹni tó bá gbin igi fún ogún ọdún sórí ilẹ̀ tó rò pé ti baba òun ni, tí máàpù wá fi hàn pé inú igbó ọba ló wà, òfò ńlá ló ṣe.

Ohun tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ yẹn, tí ìjọba ń yọ̀ǹda ilẹ̀ igbó fún àgbẹ̀, tóńgíyà ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Burma ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ó sì dé Nàìjíríà láàárín 1920 sí 1930. Àgbẹ̀ yóò gbin oúnjẹ tirẹ̀, yóò gbin ọmọ igi ìjọba sáàárín rẹ̀, yóò máa ro méjèèjì pọ̀ fún ọdún méjì sí mẹ́ta, títí ewé igi yóò fi ṣíji bo ilẹ̀. Àgbàdo, ata, ẹ̀fọ́ àti iṣu ló bá a mu. Ẹ má jẹ́ kí iṣu fi ọmọ igi ṣe ọ̀pá o, ìtàkùn rẹ̀ á lọ́ ọ lọ́rùn, igi náà á wọ́. Ẹ̀gẹ́ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà sí igi, torí bí a bá ń hú u, gbòǹgbò igi la ń já. Kòkó, obì àti ọ̀pẹ kò sí nínú àdéhùn yìí rárá. Ẹni tó bá gbìn wọ́n sínú igbó ọba ń wá ọjọ́ tí wọ́n á lé e.

Ibi tí tóńgíyà ti ń bàjẹ́ nìyí. Bí igi bá tètè dàgbà, oko ti bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Bí igi bá kú, ó lè ro ilẹ̀ náà lọ́dún mìíràn. Àwọn kan wá ń fa ọmọ igi tu, àwọn mìíràn ń da omi gbígbóná sí i nídìí. Ẹ̀bi àgbẹ̀ nìkan kọ́ lójú tèmi. Àdéhùn tí kò fún un ní nǹkan kan nínú igi ló tì í débẹ̀. Ní Gánà, wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2002: nínú gbogbo owó igi, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àgbẹ̀, 40 jẹ́ ti àjọ ìjọba tó ń rí sí igbó, 15 jẹ́ ti àwọn onílẹ̀, 5 jẹ́ ti ìlú. Bí irú ìpín bẹ́ẹ̀ kò bá sí nínú ìwé tí wọ́n gbé wá bá yín, ẹ béèrè fún un kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí yóò pèsè ọmọ igi, ẹni tí yóò san owó oko ríro, ẹni tó ni òpó tí wọ́n bá gé nígbà tí wọ́n ń dín igi kù, àti ẹni tí yóò gbin òmíràn bí iná bá jó o. Kí olórí ẹbí má dá fọwọ́ sí i. Kí aṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo igbó Ìsẹ̀ ni a lè dáko sí. Ìnàkí ṣì wà níbẹ̀, ìjọba sì ń bá àwọn tó ń dáàbò bo ẹranko ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á bá yín gba ilẹ̀ láàárín igbó tó ṣì dúdú, ẹ má dá a lóhùn.

Lórí ekà márùn-ún tiyín, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì fọ́rẹ́sítì ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ fi ìwé sọ́fè àti orúkọ àwọn aṣojú ẹbí sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí igbó, ní Adó. Ohun tí ẹ máa bá wọn sọ ni ọmọ igi, àti òṣìṣẹ́ tí yóò máa wá wo oko. Owó kówó tí wọ́n bá ní kí ẹ san, àpò ìjọba ni kó gbà, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ẹ bá ń wá irúgbìn tó dára, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí igbó wà ní Ìbàdàn.

Ẹ gbin tíìkì sí ekà mẹ́ta, níbi tí omi kì í ti dúró. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sáàárín igi méjì, tí ẹ tún fi mẹ́wàá sáàárín ọ̀wọ́ méjì, nǹkan bí 435 ni ekà kan ń gbà. Ti ekà mẹ́ta á jẹ́ bí 1,300, ẹ béèrè 1,500, kí ẹ lè fi ìyókù rọ́pò àwọn tó bá kú. Sítọ́ńpù, ìyẹn ọmọ tíìkì tí wọ́n ti gé orí àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, tó nípọn tó àtàǹpàkò ló dára, kí gbòǹgbò rẹ̀ gùn tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ fi ọ̀pá irin lu ihò, ẹ fi sítọ́ńpù sí i títí ọrùn rẹ̀ yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Bí àyè bá kù nídìí rẹ̀, á gbẹ. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Ẹ̀fọ̀n, ẹ má gbin tíìkì nìkan. Ewé rẹ̀ tóbi, ẹ̀kán omi ńlá ló ń dà sílẹ̀, koríko kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hù lábẹ́ rẹ̀, àgbàrá á gbá ilẹ̀ lọ.

Kí ekà méjì yòókù jẹ́ ti igi ilẹ̀ wa: ìdígbò, àfàrà, òro, agbálùmọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ ìrókò àti ọ̀gànwó, wọ́n sì yẹ, àmọ́ ẹ má kó wọn jọ sójú kan. Kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ́ Phytolyma máa ń ṣe ilé sínú ewé ọmọ ìrókò. Ewé náà á ṣù, á jẹrà, orí igi á kú. Òmíràn, Hypsipyla, ń lu orí ọ̀gànwó, ara igi á pín sí ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta, pákó gígùn kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Mẹ́wàá sí ogún lórí ekà kan, láàárín igi mìíràn tó ń fún un ní ìbòòji, ló mọ.

Ọdún kìíní, ẹ ro ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdún kejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá ni ọ̀tá ọmọ igi, iná ló sì ń parí iṣẹ́ wọn. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ti gbọ́dọ̀ ha ojú ọ̀nà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà ogún yí oko ká, kó mọ́ dórí erùpẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń ṣe èyí, iná ṣì ń wọlé, torí pé inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni tíìkì ń wọ́wé, ewé gbígbẹ náà á tún bo ojú ọ̀nà yẹn. Ẹ padà gbá a lóṣù kìíní. Ní ọdún karùn-ún sí ìkẹfà, ẹ gé bí ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà ta fún òpó, kí ìyókù lè sanra. Gẹdú gidi, ó di ogún ọdún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ti Adó ńkọ́? Ìjọba ló ni etí títì, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Lábẹ́ wáyà iná, kó má ju ọsàn tàbí gúrófà lọ. Ẹ má gbin mẹláínà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ìjì máa ń ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Kí ọmọ igi ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ẹ bọ́ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, ẹ gé gbòǹgbò tó ti ká po, kí ihò fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ìdí igi, àmọ́ kó má jìn jù ú lọ. Ẹ fi ọparun ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rẹ́ símẹ́ńtì dé ìdí rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́ ló ń pa igi ìgboro: bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, lítà 20, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí òjò yóò fi dé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa bu omi náà sílẹ̀ fún igi kọ̀ọ̀kan; oníṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú rẹ̀ ló dára jù. Bí ẹ bá ní ẹni ogún tó gbà, ogún igi ni kí ẹ gbìn, ẹ má gbin igba.

Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń gbin irúgbìn sí nọ́sìrì, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ igi. Bí ẹ bá fẹ́ kó ọmọ igi lóṣù kẹfà, kí lẹ́tà yín ti dé ọwọ́ wọn kí ọdún tó yí.