“You are welcome” kọ́ ni ẹ káàbọ̀

Ìbéèrè: Mọ̀mí, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa ń mú àlejò lọ sí Ìkọ́gòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun. Bí obìnrin òyìnbó kan ṣe bọ́ọ́lẹ̀, mo ní “You are welcome.” Ó kàn ń wò mí. Kí ni mo ṣì sọ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ọpẹ́ ni wọ́n fi ń dá lóhùn. “Welcome to Ikogosi” ni kó o wí.

“Sorry” wa náà ńkọ́? Àlejò kan yọ̀ lórí òkúta níbi omi Arinta tó ń já bọ́ láti orí àpáta, mo kígbe “Sorry!” Ó ní, “Kí lo ṣe?” Ẹ gbà mí! “Are you all right?” ni wọ́n ń retí.

Níbi tí omi gbígbóná ti pàdé tútù, “Feel both sides” ti tó. Jẹ́ kí ọwọ́ wọn sọ ìyókù.