Ṣé Kí Mẹ́káníìkì Mi Tún Sún Tímìn Síwájú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Camry Orobo 1993 onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mo fi ń kérò láti Òfà sí Ìlọrin. Tí èrò bá ti kún, kì í lè gun òkè dáadáa mọ́, ó tún ń jẹ epo. Mẹ́káníìkì mi ti yí dístríbútọ̀ (tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì) síwájú lẹ́ẹ̀mejì láti sún tímìn, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń taná, nígboro ó dà bíi pé ó já fáfá, lórí òkè kò yàtọ̀. Ó ní ká tún yí i sí i. Ṣé ká ṣe é?
Dẹ́rẹ́bà kan, Òfà

ÌDÁHÙN: Dẹ́rẹ́bà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́. Orí Peugeot 504 ni irú iṣẹ́ yẹn ti bá wa wá, etí mẹ́káníìkì ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn, á yí i títí ẹ́ńjìnnì á fi máa dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, á wá dá a padà díẹ̀. Camry tiyín ní etí tiẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ni, ara bílọ́ọ̀kì ni wọ́n dè é mọ́, tí epo bá ń bú gbàù nínú sílíńdà (kì í ṣe ariwo bẹ́rìn tó ti jẹ o, ọ̀tọ̀ nìyẹn) á gbọ́ ọ, brainbox (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) á sì jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó taná, títí ariwo á fi dákẹ́, lẹ́yìn náà á tún máa sún un síwájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nítorí náà ohun tí ọ̀gá mẹ́káníìkì yín ń fọwọ́ fún ẹ́ńjìnnì, brainbox ń gbà á padà lórí òkè.

Ó sì níbi tí agbára brainbox mọ. Tí wọ́n bá yí i kọjá ohun tó lè gbà padà, ariwo ò ní dákẹ́, písítìnì ló máa fara gbá a. Kódà ká ní epo yín dáa débi pé ẹ ò gbọ́ ariwo kankan, tí iná bá ti tètè tàn jù, písítìnì ṣì ń gòkè lọ́wọ́ nígbà tí iná ti ń tì í padà, ẹ́ńjìnnì ń bá ara ẹ̀ jà nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ ò lè gbọ́ ìyẹn, ariwo nìkan ló mọ̀.

Wọ́n gbé irú ẹ̀ kan wá bá wa láti Òmù-Àrán, wọ́n ti yí dístríbútọ̀ débi tí bóòtù ti kan ìparí ihò ẹ̀. A fi wáyà so ihò tí wọ́n kọ TE1 sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ E1 sí nínú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná check engine ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sinmi, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Kóòdù 52 nìyẹn, ti sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an, eku ti gé wáyà ẹ̀! Tí brainbox ò bá gbọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ yẹn, ẹ̀rù á bà á, á fa tímìn sẹ́yìn pátápátá, ọkọ̀ á rọ, epo á máa lọ. Rẹwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) so wáyà náà padà, a dá tímìn padà sí dígírì 10, ó gòkè.

Ẹ ní kí ọ̀gá yín ṣe bẹ́ẹ̀. Kó so TE1 àti E1 kó tó fi iná tímìn wò ó, torí tí kò bá so ó, brainbox á máa sún un kiri lójú ẹ̀. Tí 52 ò bá yọ, ẹ wo fítà epo, ẹ wo bóyá ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, kí wọ́n wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n ẹ̀ (bí sílíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Camry Big Daddy, tiyín ò ní dístríbútọ̀ rárá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi fáìlì gbẹ́ ihò sẹ́ńsọ̀ kránkì (kì í ṣe ti ariwo yẹn) kó lè sún tímìn, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.